Oníbodè Orí Ayélujára àti Ọ̀rọ̀ Aṣínà

Ọ̀rọ̀ oníbodè ni mo fẹ́ bá yín sọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ní ayé àwọn baba wa, ìlú tí ó bá ní odi a máa ní ibodè, ibodè kọ̀ọ̀kan a sì máa ní oníbodè tirẹ̀. Òun ni ó ń wo ojú àlejò, tí ó ń gba owó ibodè lọ́wọ́ oníṣòwò, tí ó sì ń ti ìlẹ̀kùn nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ọ̀pọ̀ odi wọ̀nyẹn ti wó di òkìtì, ewéko sì ti bò wọ́n. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ oníbodè kò parẹ́ láyé. Ó ti ṣí lọ sí inú kọ̀ǹpútà, àti sí inú fóònù tí ó wà nínú àpò yín.

Oníbodè inú kọ̀ǹpútà yìí, afọ́jú ni. Kò mọ ojú yín, kò sì mọ ilé baba yín. Ohun tí ó mọ̀ kò ju ọ̀rọ̀ kan tí ẹ̀yin àti òun ti jọ ṣe àdéhùn lé lórí. Pásíwọ́ọ̀dù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é. Àwa yóò máa pè é ní ọ̀rọ̀ aṣínà, nítorí pé ó ń ṣínà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ̀ ọ́n, ìbáà ṣe onílé, ìbáà ṣe olè.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ìtòsí, kí ó má baà dà bí ìtàn ìlú òkèèrè. Ẹni tí ó bá gba Àtàn dé Lúsadà kò jìnnà sí Ìgbẹsà mọ́. Ilẹ̀ Àwórì ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò àti Ọ̀tà ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Yunifásítì Crawford wà níbẹ̀ láti ọdún 2005. Ibẹ̀ náà ni àgbègbè òwò ọ̀fẹ́ tí a fi orúkọ Ògùn àti Guangdong ti ilẹ̀ Ṣáínà pè wà, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń rọ́ irin, tí wọ́n ń ṣe ohun ìkọ́lé àti oríṣiríṣi nǹkan mìíràn. Ibi tí òṣìṣẹ́ bá sì pọ̀ sí, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò ní í ṣàìsí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kan ní Ìgbẹsà fẹ́ fi ìwé ńlá tí akọ̀wé ń gbé há abíyá sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ ojú òpó kan lórí ayélujára, tí ọmọ ẹgbẹ́ yóò ti máa wo iye tí ó ti dá, tí yóò ti máa tọrọ owó yíyá, tí yóò sì ti máa sọ ilé ìfowópamọ́ tí kí wọ́n san án sí. Wọ́n pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó kọ ojú òpó náà dáadáa. Ó wá dé ibi kan tí ó gbọ́dọ̀ ti ṣe òfin: irú ọ̀rọ̀ aṣínà wo ni oníbodè yóò gbà, irú èwo ni yóò kọ̀? Ìlà díẹ̀ ni òfin náà nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ọmọ ilé-ìwé, owó ilé kíkọ́ àti owó ìsìnkú àwọn òbí wà lẹ́yìn ìlà díẹ̀ náà.

Bí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí bá ṣe bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe, yóò wí pé: lẹ́tà mẹ́jọ ó kéré tán, kí lẹ́tà ńlá kan wà níbẹ̀, kí nọ́ńbà kan wà níbẹ̀, kí àmì kan bí àmì ìyanu wà níbẹ̀, kí a sì yí i padà ní oṣooṣù. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò wí pé òfin gidi rèé, òfin tí ó le.

Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìyá kan tí a ó pè ní Bọ́sẹ̀ yóò ṣe. Ó kọ́kọ́ tẹ bose. Oníbodè wí pé ó kúrú. Ó tẹ bose1234. Oníbodè ní òun kò rí lẹ́tà ńlá. Ó tẹ Bose1234. Oníbodè tún béèrè àmì. Inú ti ń bí ìyá wa báyìí, ọ̀bẹ̀ sì wà lórí iná. Ó fi àmì ìyanu sí ìdí rẹ̀, ó di Bose1234!, oníbodè sì ṣí ilẹ̀kùn pẹ̀lú ẹ̀rín. Nígbà tí oṣù pé, ó yí i padà sí Bose1235!. Ní oṣù kẹta ó ti gbàgbé ibi tí òun ka nọ́ńbà náà dé, ni ó bá kọ ọ́ sí ara ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà.

Ṣé ẹ rí i pé ìyá Bọ́sẹ̀ kò rú òfin kankan? Gbogbo ohun tí wọ́n béèrè ni ó ṣe. Ṣùgbọ́n bí òun ti ṣe é ni àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún mìíràn ń ṣe é: lẹ́tà ńlá ní iwájú, nọ́ńbà lẹ́yìn, àmì ìyanu ní ìdí. Olè mọ èyí ju oníbodè lọ. Ibẹ̀ gan-an ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò rẹ̀.

Níbo ni òfin lẹ́tà ńlá àti àmì yìí ti wá? Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń lò ó níhìn-ín lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ìwé kan ni ó sọ ọ́ di ohun àgbáyé. Ní ọdún 2003, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Bill Burr, òṣìṣẹ́ àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣètò òṣùwọ̀n, èyí tí a ń pè ní NIST, ni ó kọ ọ́. Ìwé náà gba àwọn ilé-iṣẹ́ ní ìmọ̀ràn irú òfin bẹ́ẹ̀, gbogbo ayé sì gbà á bí ẹni gba àṣẹ ọba. Ní ọdún 2017, nígbà tí ó ti fẹ̀yìn tì, Burr fúnra rẹ̀ sọ fún oníwèé ìròyìn pé òun kábàámọ̀ púpọ̀ nínú ohun tí òun kọ. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni Burr. Nígbà tí ó ń kọ̀wé, ọ̀rọ̀ aṣínà tòótọ́ tí ènìyàn ń lò kò tíì sí lọ́wọ́ rẹ̀ tó láti fi ṣe ìwádìí.

Àwọn mìíràn ṣe ìwádìí náà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 2010, àwọn olùkọ́ Yunifásítì North Carolina ní Amẹ́ríkà mú àwọn ọ̀rọ̀ aṣínà àtijọ́ tí ó jẹ́ ti àkáǹtì tí ó lé ní 7,700, níbi tí òfin ti ní kí a máa yí ọ̀rọ̀ padà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Wọ́n béèrè pé, bí olè bá mọ ọ̀rọ̀ àná, ǹjẹ́ ó lè mọ tòní? Nínú àkáǹtì 100, ó lè mọ ọ̀rọ̀ tuntun ti 41 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta péré. Bose1234!, Bose1235!. Èmi kò rí ìdí tí a ó fi máa fi irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ yọ àgbàlagbà lẹ́nu. Ìgbà tí ó yẹ kí a yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà ni ìgbà tí a bá mọ̀, tàbí tí a fura, pé ẹlòmíràn ti gbọ́ ọ.

Kí a tó ṣe òfin tí ó tọ́, ó yẹ kí a mọ bí olè ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà méjì ni ó ń gbà. Nínú ti àkọ́kọ́, ó dúró níwájú ibodè, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn títí ọ̀kan yóò fi bá a mu. Èyí rọrùn láti dènà. Ẹ wo ẹ̀rọ tí ń sanwó ní ilé ìfowópamọ́: nọ́ńbà mẹ́rin péré ni ẹ ń tẹ̀, iye tí nọ́ńbà mẹ́rin sì lè jẹ́ kò ju 10,000 lọ. Kí ló dé tí olè kò fi ń tẹ gbogbo 10,000 náà? Nítorí pé bí ó bá ti ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta, káàdì ti kú nìyẹn. Nítorí náà, òfin àkọ́kọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin wa ní Ìgbẹsà gbọ́dọ̀ ṣe kò kan ìyá Bọ́sẹ̀ rárá. Oníbodè fúnra rẹ̀ ni ó kàn. Kí oníbodè má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa dánwò láìlópin. Bí a bá ṣì í lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ó mú ẹni náà dúró díẹ̀. Bí ó bá tún ṣì í, kí ìdúró náà gùn sí i. Àjọ NIST wí pé ìdánwò tí ó kùnà, tí ó tẹ̀ lé ara wọn lórí àkáǹtì kan, kò gbọdọ̀ ju 100 lọ.

Ọ̀nà kejì ni ó burú. Olè kì í dúró níwájú ibodè; ó gba ẹ̀yìn wọlé, ó sì gbé gbogbo ìwé tí oníbodè kọ ọ̀rọ̀ aṣínà sí lọ sí ilé. Níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dá a dúró lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ tó iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1961, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, Fernando Corbató àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ètò kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi lè lo kọ̀ǹpútà kan náà, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà pààlà sí àárín wọn. Kò pẹ́ lọ títí. Ní ọdún 1962, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Allan Scherr rí i pé wákàtí mẹ́rin tí a fún òun lọ́sẹ̀ kò tó iṣẹ́ òun. Ó ní kí ẹ̀rọ tẹ ìwé tí gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà wà nínú rẹ̀ jáde fún òun, ẹ̀rọ sì tẹ̀ ẹ́. Àṣé bí ẹni kọ ìwé ni wọ́n kọ wọ́n síbẹ̀, láìbò, láìdì!

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ṣe ògì yóò tètè mọ ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n wá ṣe sí i. Bí ẹ bá ti lọ àgbàdo di ògì, ta ni ó lè sọ ògì náà di hóró àgbàdo padà? Kò sí. Ohun tí oníbodè tí ó gbọ́n ń ṣe nìyẹn. Nígbà tí ẹ bá yan ọ̀rọ̀ aṣínà, kì í kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀; ó ń lọ̀ ọ́, ògì rẹ̀ ni ó ń tọ́jú. Bí ẹ bá padà dé lọ́la, yóò lọ ọ̀rọ̀ tí ẹ mú wá nínú ọlọ kan náà, yóò fi ògì wé ògì. Bí olè bá jí ìkòkò rẹ̀ gbé, ògì ni ó jí.

Síbẹ̀, olè náà ní ọlọ nílé. Yóò mú 123456, yóò lọ̀ ọ́, yóò wò ó bóyá ó bá ti ẹnikẹ́ni mu. Yóò mú bose1234, yóò lọ̀ ọ́. Bí ẹni méjì bá ní ọ̀rọ̀ kan náà, ògì wọn á bára mu, ìlọ̀ kan á sì fún un ní ẹni méjì. Ìdí nìyí tí Robert Morris àti Ken Thompson, nínú ìwé tí wọ́n kọ ní ọdún 1979, fi ní kí a máa bu iyọ̀ sí i. Ẹ má rẹ́rìn-ín, iyọ̀ gan-an ni wọ́n pè é. Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní iyọ̀ tirẹ̀ tí kò bá ti ẹlòmíràn dọ́gba, kí ògì ẹni méjì má baà rí bákan náà láé. Àwọn mìíràn tún rò ó pé ọlọ tí ó yára jù kò dára, nítorí olè ni ìyára rẹ̀ ń ràn lọ́wọ́. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ọlọ tí ó ń falẹ̀: bcrypt ti ọdún 1999, àti Argon2 tí ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje ní ọdún 2015. Ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kò jẹ́ nǹkan fún ìyá Bọ́sẹ̀ tí ń wọlé lẹ́ẹ̀kan. Fún olè tí ó fẹ́ lọ bílíọ̀nù kan ọ̀rọ̀, iṣẹ́ ọdún méje ó lé ni.

Ibi tí a kò bá ti ṣe báyìí, ẹ gbọ́ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2009 wọ́n jí ìwé ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ RockYou. Ọ̀rọ̀ aṣínà mílíọ̀nù 32 ni ó wà níbẹ̀, hóró ni gbogbo rẹ̀, wọn kò lọ ọ̀kan. Nígbà tí a kà wọ́n, ẹni tí ó fi 123456 ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà lé ní 290,000. Láti ìgbà náà ni àwọn olè ti ní ìwé gidi tí wọ́n ń kà, tí wọ́n fi mọ ohun tí ènìyàn sábà máa ń yàn.

Nísinsìnyí a lè padà sí ọ̀dọ́mọkùnrin wa, kí a sọ fún un pé gígùn ni kí ó béèrè, kí ó fi àmì sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú kálàmù. Bí a bá ṣa lẹ́tà mẹ́jọ láìfi ojú wò ó, láti inú gbogbo àmì 94 tí ó wà lórí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà, iye tí ó lè jẹ́ ni 94 tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ lọ́nà mẹ́jọ. Bí a bá fi lẹ́tà kékeré 26 nìkan ṣe é, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ méjìlá, 26 ni a ó sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ lọ́nà méjìlá. Ẹ ṣe ìṣirò náà, ẹ ó rí i pé èkejì ju èkíní lọ ní ìlọ́po 15. Lẹ́tà mẹ́rin tí a fi kún un ṣe ju gbogbo lẹ́tà ńlá, nọ́ńbà àti àmì lọ.

Ní ọdún 2017 àjọ NIST kan náà tí Burr ṣiṣẹ́ fún yí ìmọ̀ràn rẹ̀ padà, ní ọdún 2025 ó sì sọ ọ́ di òfin tí ó le sí i. Bí ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan ni ó ń ṣọ́nà, kí ó má ṣe dín ní lẹ́tà 15. Bí ohun kejì bá wà pẹ̀lú rẹ̀, bí ẹ̀rọ tí ń fi nọ́ńbà tuntun hàn nínú fóònù, ó lè jẹ́ mẹ́jọ. Kí ibodè gba ọ̀rọ̀ tí ó gùn tó lẹ́tà 64 ó kéré tán, kí ó gba àlàfo láàárín ọ̀rọ̀, kí ó má sì ṣe fi agbára béèrè lẹ́tà ńlá tàbí àmì mọ́.

Báwo ni ìyá Bọ́sẹ̀ yóò ṣe rántí lẹ́tà 15? Ní ọdún 1995, Arnold Reinhold ní Amẹ́ríkà kó ọ̀rọ̀ 7,776 jọ, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ẹ da dáìsì tí a fi ń ta lúdò lẹ́ẹ̀marùn-ún, nọ́ńbà márùn-ún náà yóò tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan. Ẹ tún un dà títí ẹ ó fi ní ọ̀rọ̀ márùn-ún. Iye tí irú ọ̀rọ̀ márùn-ún bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ lé ní 28 tí òdo 18 tẹ̀ lé. Ẹ lè ṣe irú rẹ̀ ní èdè wa: ẹ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè láìwò, ẹ fi ìka lé e. Bí ó bá bọ́ sí igbale, dodo, esin, atupa, osan, lẹ́tà 23 nìyẹn, ọmọ ọdún mẹ́wàá sì lè rántí rẹ̀ bí ó bá ya àwòrán ẹṣin tí ń jẹ dòdò sínú ọkàn. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe lo èyí tí mo kà yìí o. Gbogbo ìpínlẹ̀ ti gbọ́ ọ.) Òwe kò dára fún iṣẹ́ yìí, bí ó ti wù kí ó gùn tó. Ohun tí gbogbo àgbà ìlú lè parí bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, báwo ni yóò ṣe jẹ́ àṣírí?

Gígùn nìkan kò tó, nítorí 123456789012345 náà gùn. Nítorí èyí, oníbodè gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tí olè ti mọ̀, kí ó sì kọ èyíkéyìí tí ó bá wà níbẹ̀. Django, irinṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kọ ojú òpó, ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí ó ní 20,000 ọ̀rọ̀. Ó tún ń wò ó bóyá ọ̀rọ̀ náà fara jọ orúkọ ẹni tí ń lò ó, àti bóyá nọ́ńbà nìkan ni. Mẹ́jọ ni ó fi ṣe ìwọ̀n gígùn bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà; ọ̀dọ́mọkùnrin wa lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di 15. Troy Hunt, ará Ọsirélíà, náà gbé àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n ti jí jáde ní ọdún 2017, ẹnikẹ́ni sì lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí pé ìwé àwọn òyìnbó kì í sábà sọ ọ́. Irinṣẹ́ kan wà tí ń jẹ́ zxcvbn, tí ilé-iṣẹ́ Dropbox gbé jáde ní ọdún 2012. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wọn agbára ọ̀rọ̀ aṣínà, ó sì ń ṣe é dáadáa. Ọ̀pọ̀ ojú òpó ni ó ń lò ó láti fi àwọ̀ pupa tàbí àwọ̀ ewé hàn bí ènìyàn ti ń tẹ̀wé. Ìwé ọ̀rọ̀ tí ó gbẹ́kẹ̀ lé, Gẹ̀ẹ́sì ni, pẹ̀lú orúkọ àwọn ará Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá tẹ orúkọ Jennifer, yóò mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni. Bí ẹ bá tẹ irú orúkọ gígùn tí a ń sọ ọmọ nílé wa, ó lè rò pé lẹ́tà tí a ṣà kiri lásán ni, kí ó sì fi àwọ̀ ewé yìn yín. Olè tí yóò jí owó ẹgbẹ́ Ìgbẹsà kì í sábà jẹ́ ará Amẹ́ríkà. Ọmọ ilé ni. Ó mọ Olúwaṣeun, ó mọ Ayọ̀mídé, ó mọ orúkọ ìlú àti ti ilé-iṣẹ́, ó mọ orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí gbogbo ọkùnrin àdúgbò ń pariwo, ó sì mọ̀ pé nọ́ńbà fóònù wa máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080 tàbí 070. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni kí ọ̀dọ́mọkùnrin wa jókòó kọ fúnra rẹ̀ kún àkọsílẹ̀ náà. Kí ó sì kọ́ oníbodè láti yọ nọ́ńbà àti àmì tí ó wà ní ìdí ọ̀rọ̀ kúrò kí ó tó wò ó. Bí ó bá ṣẹ́ ku orúkọ nìkan, kí ó kọ̀ ọ́. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Kò sí ẹni tí yóò bá wa ṣe é láti òkè òkun.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà wa náà wà níbẹ̀. Ètò Unicode fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà. Ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ tí a fi àmì ohùn sí lórí kò ní. Nọ́ńbà méjì ni a ń so pọ̀ fún un, fóònù kan sì lè so wọ́n pọ̀ ní ọ̀nà tí ó yàtọ̀ sí ti kọ̀ǹpútà kan. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Nínú ọlọ, hóró ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ògì wọn kò sì ní í bára mu láé. Ẹni tí ó fi fóònù yan ọ̀rọ̀ aṣínà tí ó ní àmì ohùn lè dé orí kọ̀ǹpútà kí oníbodè sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n rí. Àjọ NIST ti dámọ̀ràn pé kí ètò kọ̀ǹpútà máa sọ gbogbo irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ di ọ̀nà kan kí ó tó lọ̀ ọ́. Kí ọ̀dọ́mọkùnrin wa ṣe bẹ́ẹ̀, dípò kí ó wí pé ibodè òun kò gba èdè Yorùbá.

Ohun kan wà tí òfin ọ̀rọ̀ aṣínà kò lè dá dúró. Ẹ rántí ìtàn Ajá àti Ìjàpá ní àkókò ìyàn. Ajá gbé ìyá rẹ̀ pamọ́ sí òkè ọ̀run. Bí ebi bá ń pa á, yóò kọ orin kan, ìyá yóò sì ta okùn sílẹ̀ fún un. Ìjàpá fara pamọ́, ó gbọ́ orin, ó kọ ọ́, okùn sì bọ́ sílẹ̀ fún òun náà. Kì í ṣe pé orin kò gùn tó. Ẹni tí ó pe fóònù yín lónìí pé òun ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfowópamọ́, tí ó ní kí ẹ ka nọ́ńbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sínú fóònù yín fún òun, Ìjàpá ni. Kí ojú òpó ẹgbẹ́ kọ ọ́ gàdàgbà pé òṣìṣẹ́ rẹ̀ kankan kò ní í béèrè nọ́ńbà náà láé.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣọ́ ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, àwọn ojú òpó kan a máa bi í pé kí ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ní ìlú tí gbogbo àdúgbò ti jẹ ìrẹsì ìkómọ yín, irú àṣírí wo nìyẹn? Kí ó fi ìwé ránṣẹ́ sí fóònù tàbí ímeèlì tí ẹni náà ti fi orúkọ sílẹ̀, kí ìwé náà sì di òfo láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Òfin ìlú náà ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Ààbò Ìsọfúnni ti ilẹ̀ Nàìjíríà tí a fọwọ́ sí ní ọdún 2023 pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá ń tọ́jú ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn dáàbò bò ó. Bí wọ́n bá sì jí i ní ọ̀nà tí ó lè pa wọ́n lára, kí ó sọ fún àjọ tí ọ̀rọ̀ kàn láàárín wákàtí 72. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò bọ́ nínú rẹ̀ nítorí pé ó kéré.

Ó ku ohun tí oníbodè yóò wí nígbà tí ó bá kọ ọ̀rọ̀ ìyá Bọ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ojú òpó kì í ju kí wọ́n kọ ọ́ ní pupa pé kò dára, kí wọ́n sì dákẹ́. Kí tiwa sọ òfin rẹ̀ ṣáájú kí ìyá tó tẹ lẹ́tà kan, kí ó jẹ́ kí ó rí ohun tí ó ń tẹ̀ bí ó bá fẹ́, kí ó má sì ṣe dí ẹni tí ó fẹ́ kí fóònù bá òun tọ́jú ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. Bí ó bá sì kọ̀ ọ́, kí ó sọ̀rọ̀ bí ọmọlúwàbí ti ń bá ìyá sọ̀rọ̀: “Ẹ jọ̀wọ́, mà, orúkọ àti nọ́ńbà nìkan ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì rọrùn láti mọ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò bá ara wọn tan, kí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ tó 15. Kò sí ohun tí a tún ń béèrè.”